Aró oníyẹ̀fun ń yọ kúrò lára aṣọ: ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa èlú, ẹ dá sí i

ÀdìrẹNíBàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ra ìyẹ̀fun aró kan lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ohun èlò àdìrẹ. "Indigo" ni wọ́n kọ sára ọ̀rá rẹ̀. Mo dà á sínú omi gbígbóná, mo rò ó dáadáa, omi náà ṣú dùdù, ọkàn mi sì balẹ̀. Mo ki aṣọ oníko tí mo ti dì bọ inú rẹ̀, ó sùn síbẹ̀ di àárọ̀. Nígbà tí mo fi omi ṣàn án, gbogbo búlúù yẹn ló bá omi lọ. Aṣọ funfun mi wá ku àwọ̀ eérú. Mo yẹ ìdí ike wò, ìyẹ̀fun náà jókòó síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rà á.

Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni? Bí kì í bá ṣe ayédèrú, kí ló dé tí kò yòrò? Àwọn kan ní kí n fi kọ́sítíìkì sódà sí i, àmọ́ ọmọ kékeré wà nílé mi, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dájú ni kó dá mi lóhùn.

Tíṣà_Kẹ́mísírì:
Kò jọ ayédèrú. Bí kò ṣe yòrò nínú omi yẹn gan-an ló jẹ́ kí n rò pé ojúlówó ni. Èyí tó bá yòrò wẹ́rẹ́ nínú omi lásán, tó sì ń yọ búlúù, òun ló yẹ kẹ́ ẹ fura sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí nínú, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà aláró ti ń wá. C16H10N2O2 ni indigo: kábọ́ọ̀nù 16, háídírójìn 10, náítírójìn 2, ọ́síjìn 2. Abala méjì tó jọra wọn gẹ́lẹ́ ló so pọ̀ láàárín. Abala kọ̀ọ̀kan ní òrùka kábọ́ọ̀nù mẹ́fà, irú èyí tó wà nínú benzene, òrùka kékeré mìíràn sì lẹ̀ mọ́ ọn, inú òrùka kékeré yẹn ni náítírójìn wà. Gbogbo mólékù náà tẹ́ pẹlẹbẹ. Náítírójìn kọ̀ọ̀kan di háídírójìn kan mú, háídírójìn yẹn sì ń fà sí ọ́síjìn tó wà ní abala kejì. Kò tán síbẹ̀: ó tún ń fà sí ọ́síjìn mólékù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tò léra wọn lórí tí wọ́n sì dira wọn mú báyìí, omi kò rí àyè wọlé. Ọtí kò rí àyè wọlé. Iná lásán kò tú wọn ká: ó di nǹkan bí 390°C kó tó yọ́, ó sì ti ń bàjẹ́ nígbà yẹn.

Náítírójìn yìí kò hùwà bíi ti ammonia. Èyí tó wà nínú ammonia máa ń tètè gba ásíìdì mọ́ra. Èyí tó wà nínú aró ti fi agbára rẹ̀ sínú ìsopọ̀ àárín, ó ń tì í lọ sọ́dọ̀ ọ́síjìn òdìkejì. Ìtìsíwá-tìsẹ́yìn yẹn ló ń bí àwọ̀. Ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ọsàn, tó wà ní nǹkan bíi nánómítà 600 sí 610, ni mólékù náà ń gbé mì. Búlúù ló ń ṣẹ́ kù fún ojú wa. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé mólékù tí kò tóbi púpọ̀ báyìí lè ní àwọ̀ tó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Tí ilé ẹ̀kọ́ kan bá wà nítòsí yín tí wọ́n ní yàrá àyẹ̀wò, kí wọ́n fi bín-ín-tín ìyẹ̀fun náà sínú túùbù gíláàsì gbígbẹ kí wọ́n gbé e sórí iná. Bó bá jẹ́ indigo, ooru àwọ̀ elésè àlùkò yóò gbéra láti inú rẹ̀. Níbi tí gíláàsì ti tutù lókè, ooru náà á padà di ègé wínníwínní, búlúù tó ṣú, tó ń dán ní àwọ̀ bàbà. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò ní gbàgbé. Kí ẹni tó ń ṣe é má fa ooru yẹn símú o.

ÀdìrẹNíBàdàn:
Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ṣùgbọ́n bí omi kò bá lè wọ inú rẹ̀, báwo ló ṣe wá ń wọ aṣọ?

Ìyá_Aláró_Ìtòkú:
Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ohun tí o kì bọ omi yẹn, aró tí kò tíì jí ni. Ní agboolé wa, a kì í ki aṣọ bọ ìkòkò tí ojú rẹ̀ kò tíì yí padà.

Ọ̀mùnú ewé èlú la máa ń já. A ó gún un nínú odó títí yóò fi dúdú, a ó mọ ọ́n ní bìrìkìtì, a ó sá a sóòrùn kó gbẹ. Eérú igi la fi ń ṣe omi rẹ̀. Ìkòkò méjì ni: ti òkè ní ihò nídìí, a ó kó eérú sínú rẹ̀, a ó bu omi lé e, omi eérú yóò máa kán sínú ti ìsàlẹ̀. Ta omi yẹn sọ́wọ́, fi ìka méjì pa á, yóò máa yọ̀. Bí kò bá yọ̀, eérú rẹ kò lágbára. Inú omi yìí la ń kó èlú sí, a ó dé e, a ó fi í sílẹ̀. Ó lè gba ọjọ́ mẹ́ta, ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan, bí oòrùn bá ṣe mú sí.

Bí o bá ṣí i tó bá ti pọ́n, ìwọ fúnra rẹ á mọ̀. Òórùn rẹ̀ á ti yàtọ̀. Òkè rẹ̀ á ní ìfófó búlúù àti awọ fẹ́lẹ́ kan tó ń dán ní àwọ̀ bàbà. Fi igi ya awọ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí o wo abẹ́ rẹ̀: omi tó wà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ búlúù. Àwọ̀ ìyeyè tó fẹ́ jọ àwọ̀ ewé ló yẹ kó ní. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ṣì jẹ́ búlúù, pa á dé. Aṣọ tó bá wọ ibẹ̀ yóò jáde ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, yóò sì di búlúù lójú rẹ.

Tíṣà_Kẹ́mísírì:
Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀mí yín á gùn. Ohun tí màmá sọ yẹn náà ni kẹ́mísírì rẹ̀.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí ló ń ṣiṣẹ́ nínú ìkòkò èlú. Bí wọ́n ṣe ń jẹun nínú ewé yẹn, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, wọ́n ń ti háídírójìn méjì sára mólékù búlúù náà. Ìsopọ̀ àárín tó ń bí àwọ̀ á yí ipò padà, àwọ̀ búlúù á kú, á di C16H12N2O2 tí a mọ̀ sí aró funfun. Omi eérú, tí potassium carbonate pọ̀ nínú rẹ̀, á wá gba háídírójìn kúrò lẹ́nu ọ́síjìn. Ibi tí mólékù náà ti di ohun tí omi lè gbé nìyẹn: á yòrò, á ní àwọ̀ ìyeyè, á sì wọ inú fọ́nrán òwú lọ. Nígbà tí aṣọ bá jáde, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á gba ohun tí kòkòrò fún un padà. Aró tó ti yòrò á tún di búlúù tí kì í yòrò, àmọ́ inú fọ́nrán ló wà báyìí, kò rí ọ̀nà jáde.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n ÀdìrẹNíBàdàn, ìyẹ̀fun tí ẹ rò nínú omi gbígbóná kò wọ aṣọ rárá. Ó kàn bà lé e lórí ni.

ỌmọÒṣogbo_Leeds:
Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin àgbà. Èmi ń ṣe àdìrẹ níhìn-ín nílùú òyìnbó. Nígbà òtútù, ìkòkò tó ń fi kòkòrò ṣiṣẹ́ kì í jí bọ̀rọ̀ àyàfi tí mo bá fi ohun amúnilọ́yàyà wé e. Nítorí ẹni tó ní ọmọ kékeré nílé ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀nà kan wà tí kò ní kọ́sítíìkì nínú, tí kò sì ní hydrosulphite, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń yára jí aró. Ìdá kan ìyẹ̀fun aró, ìdá méjì láìmù, ìdá mẹ́ta ṣúgà inú èso tí wọ́n ń pè ní fructose. Ìwọ̀n kílò ni kẹ́ ẹ fi díwọ̀n wọn. Láìmù tí mò ń sọ ni ìyẹ̀fun funfun táwọn oníṣẹ́ ilé ń pò mọ́ omi láti fi kun ògiri, calcium hydroxide, kì í ṣe èyí tí a ń mu omi rẹ̀. Ẹ fi omi gbígbóná pò ó, ẹ rò ó jẹ́jẹ́, ẹ dé e, kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí díẹ̀. Ṣúgà yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ tí kòkòrò ń ṣe nínú ìkòkò màmá. Bí fructose bá wọ́n, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n kọjá, tẹ́ ẹ sè tẹ́ ẹ sì sẹ́, ń ṣe é. Àmọ́ ó ń pẹ́ díẹ̀.

Láìmù náà kì í ṣe ohun ìṣeré o. Ó ń ta ojú, ó sì ń bẹ́ awọ ọwọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Aṣọ tí mo bá yọ nínú irú rẹ̀ máa ń ní ìyẹ̀fun funfun lára. Omi tí mo ta ọtí kíkan díẹ̀ sí ni mo fi ń fọ̀ ọ́ kúrò níkẹyìn.

Kẹ́míkà_Ọjọ́ta:
Ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń ta nǹkan wọ̀nyí sọ tèmi, nítorí ọ̀pọ̀ aláró tó ń rà á kì í béèrè.

Hydrosulphite ni àwọn tó ń yára ṣiṣẹ́ ń lò dípò kòkòrò. Ìyẹ̀fun funfun ni, ó ń rùn tasánsán. Ọ̀tá rẹ̀ ni omi díẹ̀. Bó bá wà nínú omi tó pọ̀, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ láìsí ariwo. Ṣùgbọ́n bí omi bá kán sínú ike rẹ̀, tàbí tí ẹ fi ṣíbí tútù bù ú, ó máa ń gbóná fúnra rẹ̀, ó lè gbiná, èéfín tó ń jáde níbẹ̀ sì ń fún èèyàn lọ́rùn. Ṣíbí gbígbẹ, ìdérí tó le, ibi tí òjò kò lè jò sí. Ẹ má ra èyí tó pọ̀ ju èyí tẹ́ ẹ máa tètè lò tán, torí pé bí afẹ́fẹ́ bá ti ń wọ ibẹ̀, agbára rẹ̀ ń lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí ẹ bá gbọ́ pé "aró yìí kọ̀, kò jí," hydrosulphite tó ti kú ni. Ẹ má sì da ọtí kíkan tàbí ásíìdì kankan pọ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ kọ́sítíìkì ló dùn mí jù. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe rọ omi rẹ̀ sínú ike omi mímu tàbí ìgò míńrà. Ọmọdé kò mọ̀, yóò gbé e mu, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á sì bó. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ilé wa lóòótọ́ nìyí. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ má fi epo tàbí ohunkóhun mú ọmọ náà bì, torí pé bó ṣe ń bọ̀ lókè á tún jó o lẹ́ẹ̀kejì. Ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀. Bó bá ta sí ojú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kẹ́ ẹ tó gbéra lọ ilé ìwòsàn.

Àti pé kọ́sítíìkì ló ń wọ inú omi, omi kì í wọ inú kọ́sítíìkì. Bí ẹ bá da omi lé e lórí, á hó sókè sí ẹni tó dúró tì í.

ÀdìrẹNíBàdàn:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Màá kọ́kọ́ gbìyànjú ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú ike kékeré. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀, tí mo sì ní láti lo kọ́sítíìkì ní ṣọ́ọ̀bù, mélòó ló yẹ kí n lò? Mo ní ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù ńlá kan.

Tíṣà_Kẹ́mísírì:
Ẹ má lo alumíníọ́ọ̀mù! Kọ́sítíìkì ń jẹ ẹ́, gáàsì háídírójìn tó ń tú jáde níbẹ̀ sì ń gbiná. Ike tó nípọn, páànù aláwo tí kò tíì bó, tàbí irin tí kì í dípẹtà.

Ìṣirò orí ìwé rèé: ìyẹ̀fun aró gíráàmù 10 ń fẹ́ hydrosulphite gíráàmù 6.6 àti kọ́sítíìkì gíráàmù 6.1. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń jẹ nínú hydrosulphite ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ń rò ó, nítorí náà èyí tẹ́ ẹ máa lò á ju ìyẹn lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìlọ́po kan ààbọ̀ kẹ́ ẹ sì máa wojú aró. Ẹ kọ́kọ́ fi omi díẹ̀ pò ìyẹ̀fun náà mọ́ra bí ẹlẹ́kọ ṣe ń po ògì, kó má bàa léfòó. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni, kó má kọjá 50°C. Bó bá gbóná jù, hydrosulphite á kú kó tó ṣiṣẹ́. Kọ́sítíìkì á wọ omi, aró á tẹ̀ lé e, hydrosulphite á kẹ́yìn, ẹ wọ́n ọn sójú omi, ẹ rò ó jẹ́jẹ́ láìjẹ́ kí omi ta pàtàpàtà. Ẹ dé e. Lẹ́yìn nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí, ẹ wo abẹ́ awọ yẹn bí màmá ṣe ní kẹ́ ẹ wò ó.

Bó bá yípadà sí búlúù nígbà tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ lọ, hydrosulphite ló tán. Bó bá funfun bí ẹni tó bu wàrà sí i, kọ́sítíìkì ni kò tó: aró funfun náà ló ń jókòó láìyòrò.

Ọmọ_Ẹ̀gbá:
Ẹ jọ̀wọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan. Kí ló dé tí gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun òyìnbó? Èlú tiwa ń kọ́? Aró èlú dára ju èyí lọ ní ìlọ́po ìlọ́po.

Tíṣà_Kẹ́mísírì:
Mo gbọ́, mo sì nífẹ̀ẹ́ èlú bíi tiyín. Ṣùgbọ́n mólékù búlúù inú méjèèjì kò yàtọ̀ rárá. Inú ewé èlú, búlúù kò tíì sí níbẹ̀. Indican ló wà níbẹ̀, tí kò ní àwọ̀, tí ṣúgà so mọ́. Nígbà tí wọ́n bá gún ewé, omi inú ewé fúnra rẹ̀ á já ṣúgà yẹn kúrò, èyí tó kù á pàdé afẹ́fẹ́, méjì méjì á so pọ̀, wọ́n á di indigo.

Ará Jámánì kan, Adolf von Baeyer, ló kọ́kọ́ ṣe é láti inú kẹ́míkà láìlo ewé, ó sì sọ bí mólékù náà ṣe rí ní 1883. Ní 1897 ni iléeṣẹ́ BASF bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ṣáájú gbogbo ìyẹn, ní 1826, ẹlòmíràn ní Jámánì, Unverdorben, ti gbé indigo sórí iná tí ó sì rí òróró kan nínú rẹ̀ tí a wá mọ̀ sí aniline. Òun náà ní òrùka benzene àti náítírójìn, ara rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe ọ̀pọ̀ àwọ̀ tó wà lára aṣọ lónìí.

Ìyàtọ̀ tí ojú yín ń rí jẹ́ òótọ́, àmọ́ ohun mìíràn tó wà nínú ewé ló fà á. Indirubin wà níbẹ̀, tí iye kábọ́ọ̀nù, háídírójìn, náítírójìn àti ọ́síjìn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti indigo, ṣùgbọ́n tí ìsopọ̀ rẹ̀ yàtọ̀; pupa ni. Ó ń mú kí búlúù èlú ní àwọ̀ tó gbóná díẹ̀.

Ìyá_Aláró_Ìtòkú:
Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun nílùú wa. Nígbà tí kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó dé Abẹ́òkúta, àwọn kan kò mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, aṣọ wọn ń ṣí, ó ń gbó kíá, ọjà sì ń bàjẹ́. Láyé Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá, láwọn ọdún 1930, wọ́n fòfin dè é. Àwọn ìyá aláró sì dìde, wọ́n jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kò tó ra èlú kò ní ọ̀nà mìíràn. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹ̀fun. Ẹni tó bá fi sùúrù lò ó, aṣọ rẹ̀ á dúró. Ẹni tó bá kánjú pẹ̀lú èlú, aṣọ rẹ̀ á ṣí.

ÀdìrẹNíBàdàn:
Mo ti dé padà! Ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ jí. Aṣọ jáde ní àwọ̀ ewé, ó di búlúù lórí okùn, àwọn ọmọ dúró wò ó. Ó ku nǹkan kan: bí mo bá fi aṣọ funfun nù ún, ó ṣì ń yọ díẹ̀. Ẹnì kan ní kí n jẹ́ kó pẹ́ nínú aró nígbà míì. Òmíràn ní kí n fi haípò fọ ibi tó rí pálapàla.

Ìyá_Aláró_Ìtòkú:
Má jẹ́ kó pẹ́. Kì í bọ inú aró, jẹ́ kó rọra mu fún ìṣẹ́jú díẹ̀, yọ ọ́, fún un, nà án kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i dáadáa, kí o tún kì í bọ̀. Ṣe é bẹ́ẹ̀ léraléra títí àwọ̀ tí o fẹ́ yóò fi dé. Kí o sì ti sè aṣọ náà pẹ̀lú ọṣẹ kí o tó dì í rárá, kí òróró àti sítáàṣì ilé iṣẹ́ kúrò lára rẹ̀.

Tíṣà_Kẹ́mísírì:
Ẹ tẹ̀ lé ti màmá. Kò sí ìdè kẹ́míkà kankan láàárín indigo àti òwú. Mólékù náà kàn há sínú fọ́nrán ni. Èyí tó há sínú kò níṣòro, èyí tó kàn lẹ̀ mọ́ ojú aṣọ ló ń yọ. Bí ẹ bá ń kì í bọ̀ fún ìgbà kúkurú, tó ń gbafẹ́fẹ́ láàárín, díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé. Lẹ́yìn tó bá gbẹ tán, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ èyí tó wà lójú kúrò. Yóò ṣì máa yọ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti jíǹsì. Ẹ sọ fún oníbàárà kó máa dá a fọ̀.

Haípò ńkọ́? Ẹ jìnnà sí i. Ó ń já mólékù yẹn ní àárín gan-an, níbi tí àwọ̀ wà, ó ń sọ ọ́ di isatin, àwọ̀ ìyeyè. Kò sí afẹ́fẹ́ tó lè dá ìyẹn padà.

Kẹ́míkà_Ọjọ́ta:
Ẹ má gbàgbé omi aró tó kù o. Ẹ má dà á sí gọ́tà lójú ẹsẹ̀. Ẹ ṣí i sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa rò ó kí afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀ dáadáa títí gbogbo rẹ̀ á fi di búlúù. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, aró á rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ rọra yọ́ omi òkè kúrò, ẹ gbẹ́ ìyẹ̀fun ìsàlẹ̀ jáde kẹ́ ẹ sá a. Owó yín ni, ó ṣeé lò padà. Omi tó kù, tó bá jẹ́ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti láìmù, ẹ bu omi púpọ̀ sí i kẹ́ ẹ tó dà á nù. Tó bá jẹ́ ti kọ́sítíìkì, ẹ jẹ́ kí agbára hydrosulphite kọ́kọ́ tán pátápátá nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ máa ta ọtí kíkan sí i díẹ̀díẹ̀ ní ìta gbangba títí tí kò fi ní yọ̀ lọ́wọ́ mọ́, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ yín.